Ọwọ́ Tó Sá Sábẹ́ Híjáàbù

Kareemah jókòó sáàárín àwọn ẹbí rẹ̀ ní pálọ̀, ó ń wo ẹnu wọn bó ṣe ń ṣí tó ń pa dé. Adití ni. Ilé ìwé àwọn adití ló ń gbé, ìsinmi ló gbé e wá sílé ní Ìwó. Nínú gbogbo ilé náà, àbúrò rẹ̀, Ràódàt, nìkan ló gbọ́ èdè ọwọ́. Bí àwọn yòókù bá ń rẹ́rìn-ín, Kareemah á bá wọn rín in, á sì mi orí, kí wọ́n má baà máa wò ó bí àlejò. Ó ti mọ́ ọn lára.

Hikmat àti Aqeelah, ọ̀rẹ́ Ràódàt, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti fi Ràódàt ṣe yẹ̀yẹ́ rí pé bó ṣe ń ju ọwọ́ yẹn, àfi bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Nítorí náà, nígbà tí Àfáà Fàtáì, ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, ní kó bi Kareemah bóyá ó fẹ́ fi ìwé sílẹ̀ kó wá kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ àwọn ní Olúpọ̀nnà, Ràódàt kó ọwọ́ sábẹ́ híjáàbù.

Kareemah fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, níbi tí ti Ràódàt ti máa ń jìn wọnú bó bá ń rẹ́rìn-ín. Orúkọ tó fi ọwọ́ sọ àbúrò rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Ràódàt yíjú sáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Gbogbo ilé wá ń wo Kareemah. Ló bá rẹ́rìn-ín, ó mi orí.

"Alihamudulilahi, ó ti gbà," ni Àfáà wí.

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti Ràódàt yàtọ̀: ẹnu tó yẹ kó là ló pa mọ́.

Kareemah rò pé ilé ìwé ni wọ́n ń mú òun padà sí, ó di aṣọ ilé ìwé rẹ̀ sínú báàgì, ó tẹ̀ lé Àfáà wọ kẹ̀kẹ́. Ìgbà tí wọ́n gbé máṣíìnì ìránṣọ síwájú rẹ̀ ní Olúpọ̀nnà ló tó yé e. Ó sunkún títí, kò sì sí ẹni tó lè bi í léèrè ohun tó ń pa á lẹ́kún.

Nílé, Ràódàt gbé oúnjẹ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀gbọ́n mi ò gbà. Kò mọ ohun tẹ́ ẹ bi í ni. Ojú àwọn ọ̀rẹ́ mi ló ń tì mí, mi ò túmọ̀ ẹ̀ fún un."

Bàbá gbé e dìde. "Àwa náà jẹ̀bi," ni wọ́n wí. "Àwa la bí i, a ò kọ́ èdè ẹ̀."

Wọ́n jọ lọ mú Kareemah ní Olúpọ̀nnà. Ràódàt ń fi ọwọ́ bẹ̀ ẹ́. Kareemah wò ó díẹ̀, ó sì di ojú rẹ̀. Ràódàt fọwọ́ kàn án léjìká, Kareemah kò la ojú náà. Ojú lọ̀rọ̀ wà, a kò sì lè bá ojú tó dì sọ̀rọ̀.

Kareemah padà sílé ìwé. Ràódàt wà láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, òun náà ń mi orí, kò sì gbọ́ ọ̀kankan nínú ohun tí wọ́n ń sọ. Ó ti wá mọ̀ wàyí pé ẹni tí a bá jẹ́ etí fún, a kì í tìtorí ẹ̀sín ọ̀rẹ́ kọ etí ikún sí i.