Òrùka Tó Ṣẹ́kù

Òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. N kì í ṣe apìtàn. Ìdí kàǹtà ilé ìfìwéránṣẹ́ ni mo jókòó sí títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹni tó bá sì ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pẹ́ kì í fẹ́ràn àsọdùn. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó wá wo àtàǹpàkò òsì mi. Awọ orí rẹ̀ ti ń dán bí irin.

Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé wa tí a ti máa ń fọṣọ tẹ́lẹ̀. Kò ní fèrèsé. Bó ti wù kí oòrùn mú tó níta, inú ibẹ̀ á ṣókùnkùn. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń fi igi gbẹ́ ẹyẹ kéékèèké. N kì í tà wọ́n. Ó kàn ń dùn mọ́ mi ni. Ọkọ mi, télọ̀ ni, ló sọ mí ní Ìyá Ẹlẹ́yẹ. Mo ní kó yé pè mí bẹ́ẹ̀ níta, kí àwọn ará àdúgbò má baà máa gba ẹ̀yìn ilé wa sá lọ. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bí àlejò bá wà, mo máa ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Bó bá ku àwa méjì, ó di "ìwọ", torí ẹgbẹ́ ni wá, a sì ti jọ ń bá ara wa bọ̀ ọjọ́ pẹ́.

Ọ̀bẹ ló bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí lọ́rùn ọwọ́. Mo bá ní kí n ra ẹ̀rọ ayíbírí, irú èyí tí kò tóbi ju ṣùkù àgbàdo lọ. Ọwọ́ kan lèèyàn fi ń dì í mú. Ẹnu rẹ̀ lèèyàn á ti irin wẹ́wẹ́ bọ̀, èyí tó ń gé, èyí tó ń lu ihò, èyí tó ń họ igi.

Mo lọ sọ́dọ̀ baba kan tó ń ta àlòkù irinṣẹ́. Mẹ́ta ló kó síwájú mi. Ọ̀kan fúyẹ́ bí páálí. A kì í tàn án pẹ́ kí ara rẹ̀ tó gbóná. Ọ̀kan ń lo bátìrì, bátìrì náà sì ti wú. Ìkẹta dúdú, ó wúwo, ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀. Ẹni tó bá mọ irinṣẹ́, ọwọ́ ló kọ́kọ́ máa fi yí ọ̀pá rẹ̀ kó tó gbé e síná, kó lè mọ̀ bóyá inú rẹ̀ ń họ. Mo yí i síwájú. Ó lọ geere. Mo yí i sẹ́yìn. Ó lọ, àmọ́ ó ń fà díẹ̀, àfi bí ẹni pé nǹkan kan dì í mú lápá ibòmíràn.

Mo wo nọ́ọ̀tì ẹnu rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń há irin mọ́ ọn. Ìka èèyàn ti jẹ ẹ́. Ó dán, ó sì ti jìn wọnú.

"Baba, ẹni tó ni eléyìí ṣiṣẹ́ o."

"Ó ṣiṣẹ́," ni baba náà wí. Kò wojú mi. Òun ni mo rà.

Nígbà tí mo délé, ó ń kólòlò, ó sì ń ta iná pàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Kábọ̀n rẹ̀ ló ti tán, èédú kékeré méjì tó ń gbé iná fún ẹ́ńjìnnì. Mo tẹ́ aṣọ funfun, mo tú u. Bí mo ṣe ń tú u ni mo ń tò ó: ohun tó kọ́kọ́ jáde ni yóò kẹ́yìn wọlé. Mo pààrọ̀ kábọ̀n. Mo dá gbogbo rẹ̀ padà, mo dè é.

Nǹkan kan ṣẹ́kù lórí aṣọ.

Òrùka irin ni, tín-ín-rín, láìní ojú ìpàdé. N kò rántí pé mo yọ ọ́. N kò rántí pé mo tò ó síbẹ̀. Mo wo inú ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sí àyè òrùka kankan níbẹ̀.

Ọkọ mi yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹni tó tún nǹkan ṣe tí nǹkan ṣẹ́kù, ó jèrè nìyẹn," ló wí. Ó mú òrùka náà, ó fi sí ìka ọwọ́ òsì rẹ̀, ìka tí òrùka ìgbéyàwó wa wà tẹ́lẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti sọ ìyẹn nù. Ó ní inú kọ́là ẹ̀wù oníbàárà kan lòun rán an mọ́. Òrùka irin náà bá ìka rẹ̀ mu rẹ́gí.

"Wò ó, o tún fẹ́ mi," ló wí.

"Ta ló fẹ́ ọ? Lọ rán aṣọ aláṣọ."

Ó ń fi òrùka náà yangàn lọ sí pálọ̀. Ẹ̀rín tí a rín gbẹ̀yìn nínú ilé yẹn nìyẹn.

Mo tan ẹ̀rọ náà. Kò dún. Mo rò pé mo ti bà á jẹ́ ni, àfi ìgbà tí atẹ́gùn rẹ̀ fẹ́ sí mi níka. Ó ń yí. Ó ń yí kíkankíkan, kò sì dún rárá. Mo fi kan igi, lẹ́búlẹ́bú igi tú jáde. Inú mi dùn. Mo gbẹ́ apá ẹyẹ kan. Mo mú ìkejì.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ. Hùùùn. Ohùn ẹ̀rọ ni. Kò ti ọwọ́ mi wá. Láti pálọ̀ ló ti ń bọ̀.

Mo pa ẹ̀rọ náà. Ohùn náà dákẹ́. Mo tàn án. Ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá Ẹlẹ́yẹ! Pa á! Pa á!"

Mo sáré jáde. Ọkọ mi wà lórí àga, ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ jìnnà sí ara, bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Ìka náà ti wú. Orí rẹ̀ ti ń dú. Òrùka náà ti wọnú ẹran.

"Ó ń yí," ló wí. "Ó ń yí lọ́wọ́ mi. Ó ń dún nínú egungun mi."

A fi ọṣẹ sí i. A fi òróró sí i. Mo fi òwú ìránṣọ rẹ̀ wé ìka náà kí n lè fà á, òwú já. Òrùka náà kò sún. Mo sọ ẹ̀rọ náà sínú báàgì, mo rò pé wọ́n lè fi gé e, a sì gba ilé ìwòsàn lọ.

Ohun tí dókítà fi ń gé òrùka kán lójú wa. Kò sí àpá lára irin náà. Mo gbé ẹ̀rọ mi sílẹ̀. Dókítà gbé e síná, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọkọ mi ṣubú lulẹ̀, igbe rẹ̀ kò sì jọ igbe èèyàn.

Dókítà yọ ọ́ níná kíákíá. "A óò ní láti gé ìka yẹn," ló wí. "Lónìí náà ni."

"Dókítà, télọ̀ ni mí," ni ọkọ mi wí nílẹ̀. "Ìka yìí ló ń darí aṣọ."

"Baba, ẹ̀mí ju ìka lọ."

Wọ́n lọ palẹ̀ yàrá mọ́. Àwa méjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ojú ọ̀sán ṣì mọ́lẹ̀ kedere, gbogbo ọ̀nà àbákọjá náà dákẹ́. Ọkọ mi ń sunkún láìpariwo. N kò rí i kó sunkún bẹ́ẹ̀ rí, àní nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Inú bí mi. Mo mú ẹ̀rọ náà jáde pé kí n là á mọ́lẹ̀. Mo rò ó: tí mo bá fọ́ ọ, tí òrùka sì wà bó ṣe wà ńkọ́? Mo dì í mú lórí itan mi bẹ́ẹ̀. Ìka mi wọ ibi jíjìn tó wà lára nọ́ọ̀tì náà. N kò mọ̀ pé mo ti ń yí i. Mo ń yí i sẹ́yìn.

Ọkọ mi mí kanlẹ̀.

"Kí lo ṣe?" ló bi mí.

"N kò ṣe nǹkan kan."

"Ṣe é sí i."

Mo yí i sí i. A jọ ń wo ìka rẹ̀. Dúdú náà ń ṣí. Òrùka náà ń jáde nínú ẹran díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí dókítà fi dé, ìka náà ti pọ́n, ó ti móoru. Àmọ́ òrùka náà kò kọjá oríkèé. Ó dé ibẹ̀, ó dúró.

"Ìka tó yè ni mo fẹ́ gé yìí?" ni dókítà béèrè. "Màmá, ẹ dáwọ́ dúró ná, kí n wò ó."

Mo dáwọ́ dúró. Nọ́ọ̀tì náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra rẹ̀, jẹ́jẹ́, síwájú. Mo fi gbogbo agbára mi dì í mú. Ó ń yọ̀ lọ lábẹ́ ìka mi. Ìka ọkọ mi dú. Dúdú náà kò dúró níbi ìka mọ́. Ó gba àtẹ́lẹwọ́. Ó kọjá ọrùn ọwọ́, ó ń gun apá rẹ̀ lọ sókè, gbogbo wa sì ń wò ó.

Dókítà fà sẹ́yìn títí ó fi kan ògiri.

"Ẹ má dúró, Màmá," ló wí wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró." Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Kò dárúkọ gígé mọ́.

Kò sí ohun tí a kò gbìyànjú. Mo fi fáìsì, irin tí wọ́n fi ń fún nǹkan mọ́ orí tábìlì, há nọ́ọ̀tì náà mọ́lẹ̀. Ó yí nínú fáìsì, ó lọ irin rẹ̀ di lẹ́búlẹ́bú. Mo fi wáyà dè é, wáyà já. Ọkọ mi fi ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ gbà á. Kò gbọ́ tirẹ̀. Ọmọ wa obìnrin sáré dé, ó gbà á. Kò gbọ́ tirẹ̀ náà. Ọwọ́ tó tú u nìkan ló mọ̀. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Mo padà sọ́dọ̀ baba alálòkù. Mo fi ìborùn bo ọwọ́ mi. Nígbà tó rí bí ìborùn náà ṣe ń mì, ó dìde.

"Baba, ta ló ta ẹ̀rọ yìí fún yín?"

"Màmá àgbà kan ni."

"Báwo ló ṣe gbé e wá?"

"Ó ń yí i nígbà tó wọlé. Mo rò pé àṣà ọwọ́ rẹ̀ ni. Títí a fi dúnàádúrà tán, kò dáwọ́ dúró. Ìgbà tí mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo ọwọ́ náà bí ẹni tí kò mọ ohun tí yóò fi ṣe."

"Òrùka ńkọ́? Ẹ rí òrùka?"

"N kò rí òrùka. Mo gbọ́ nǹkan tó ń mì wọ́rọ́wọ́rọ́ nínú rẹ̀."

Òrùka náà ti padà sínú rẹ̀ nígbà náà. "Ẹni tó ń yí i fún ńkọ́?"

"N kò bi í." Ó jókòó padà. "Mo kàn bi í pé kí ló dé tó fẹ́ tà á. Ó ní, 'Ó ti rẹ̀ mí ni.'"

N kò sọ fún ọkọ mi. Mo ní n kò bá baba náà nílé.

Bí a ṣe wà nìyẹn. Bí mo bá yí i láti ìdájí di ọ̀sán, òrùka náà á rọ̀, á sì jẹ́ kí n sùn díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń lálàá nínú oorun náà. Ní báyìí, bí mo bá fẹ́ wọnú àlá ni ọkọ mi á ti máa jí mi. Ó ń bẹ̀ mí kó tó jí mi. "Má bínú," á wí, "má bínú, Ìyá Ẹlẹ́yẹ." Ọmọ wa ló ń fún mi lóúnjẹ. Ọkọ mi ń rán aṣọ ní pálọ̀, mo ń gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ ìránṣọ rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ ti wọlé, òun fẹ́ ṣe gbogbo rẹ̀ nísinsìnyí tí ìka náà ṣì wà. Ẹyẹ tí mo ń gbẹ́ lọ́jọ́ yẹn ṣì wà lórí tábìlì, apá kan ló ní.

Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi kọ èyí tí ẹ ń kà. Ẹ mọ ohun tí ọwọ́ òsì ń ṣe.

Ìró kẹ̀kẹ́ ti dúró ní pálọ̀ báyìí. Mo gbọ́ tó dìde. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́ àyà.

"Ṣé ó ti rẹ̀ ọ́?" ló bi mí.

Mo ní kò tíì rẹ̀ mí. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, ìka mi yọ̀ díẹ̀ lórí irin náà, a sì jọ wo ọwọ́ rẹ̀.