Ẹni Tó Sùn sí Yanrìn Wa

N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kankan. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kàn án, imú mi yìí ló gbóòórùn rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó pè mí ní òpùrọ́. Ì bá dùn mọ́ mi ká ní irọ́ ni mo ń pa.

Èmi àti Stratis ọkọ mi la ń fi àga gbọọrọ àti agbòòrùn háyà fún àwọn àlejò ní etíkun Lefkammos. Nígbà ooru, èèyàn a bo ibẹ̀ bí eṣú. Wọ́n á para, wọ́n á dùbúlẹ̀, wọ́n á máa yíra padà sí oòrùn bí ẹran tí wọ́n ń yan lórí iná. Láàárọ̀, kí wọ́n tó dé, Stratis a fi réèkì eléyín irin tẹ́ yanrìn náà títí yóò fi tẹ́jú pẹrẹsẹ.

Ọjọ́ kejì àjọ̀dún Màríà Mímọ́, láàárín ooru, ni Stratis pè mí.

"Argyro! Wá wo ohun tí ọ̀mùtí kan ṣe síbí."

Kòtò kan ló wà láàárín àga méjì. Ẹnì kan tó sanra ló ti fẹ̀yìn lélẹ̀ síbẹ̀. Ojú ibi tó gbé orí lé hàn. Ojú èjìká hàn, ojú ìdí hàn, ojú gìgísẹ̀ méjèèjì hàn. Ṣùgbọ́n kò sí ipasẹ̀ ẹni tó wá. Kò sí ti ẹni tó lọ.

Ọ̀rá ń dán nínú rẹ̀.

"Ìpara ni," Stratis wí. Ó fi réèkì pa á rẹ́.

Nígbà tí oòrùn kàn tàrí, ó tún ti wà níbẹ̀. Obìnrin àlejò kan tó wà nítòsí fò dìde, ó fọwọ́ di imú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àga mi kúrò níbí. Ẹnì kan ń mí sí mi lẹ́sẹ̀."

Kò sí ẹnì kankan nítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìrì ṣì wà lórí yanrìn, gbogbo etíkun tutù. Mo kúnlẹ̀. Mo ti ọwọ́ bọ inú kòtò náà.

Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kì í ṣe ti oòrùn. Bí inú abíyá ló ṣe gbóná, tó sì lẹ̀ mọ́ni. Òórùn ọ̀rá àgùntàn tó ti kan ló ń rú jáde, pẹ̀lú ti irun tí omi kò kàn rí. Mo fa ọwọ́ mi. Yanrìn náà kò kọ́kọ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. Nígbà tó máa jọ̀wọ́ rẹ̀, ó dún pọ̀ọ́, bí ẹnu ọmọ tó fi ọmú sílẹ̀.

Mo bì.

Mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Mo fi ọtí kíkan fọ̀ ọ́. Mo po ìyẹ̀fun, mo ṣe búrẹ́dì. Zambeta, ìyá ọkọ mi, bù ú jẹ, ó sì tu ú sí àtẹ́lẹwọ́.

"Ìyàwó, kí lo fọwọ́ kàn?"

Mo sọ fún un. Ó wo ọ̀nà òkun láti ojú fèrèsé.

"Ẹ má tẹ́ ibẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ń sùn, ẹ jẹ́ ó sùn."

"Ta ni, Ìyá?"

"Ṣé mo sọ fún ẹ pé mo mọ̀ ọ́n ni?"

Ó kó búrẹ́dì náà dà fún àwọn adìyẹ. Àwọn adìyẹ náà sá fún un.

Stratis fi wá rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí oòrùn tún gbóná, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lójú gbogbo àlejò.

"Ẹ wá wo iwin tó ń ba Ìyá mi lẹ́rù!"

Ó sì fẹ̀yìn lélẹ̀ sínú kòtò náà. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n ń yà á ní fọ́tò.

Kòtò náà tóbi jù ú lọ. Mo rí i. Àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àyè náà pa dé. Kò sẹ́ni tó wọ́ yanrìn. Yanrìn náà fúnra rẹ̀ ló sún mọ́ ọn, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fa aṣọ bora.

Stratis kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó pa ojú dé. Ojú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí wọ́n ń bá họ ibi tó ń yún un.

"Stratis, dìde."

"Ó rọ̀, Argyro."

"Mo ní kó o dìde!"

Mo fi ọwọ́ méjèèjì fà á. Ariwo tó dún nígbà tó já kúrò níbẹ̀ mú kí àtẹ́wọ́ dákẹ́ wẹ́lo. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán látòkè délẹ̀. Irun lẹ̀ mọ́ ọn, irun funfun gígùn. Irun ọkọ mi dúdú. Mo fẹ́ bá a yọ ọ́, ó pariwo.

"Rọra! O ń fa irun mi."

Láti ọjọ́ yẹn, kòtò náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Àlùfáà wá gbàdúrà sórí Stratis. Ó yára ṣe é, ó sì ń fi ẹ̀wù rẹ̀ nu ọwọ́ bó ti ń lọ.

Ara ọkọ mi le. Ó ń jẹun, ó ń ṣàwàdà, ó sanra sí i. Bí mo bá bọ aṣọ ibùsùn wa nínú omi gbígbóná, ọ̀rá a léfòó. Mo máa ń fi ṣíbí kó o dànù. Ìyá rẹ̀ kò gbà kó fẹnu ko òun lẹ́rẹ̀kẹ́ mọ́. Ó ti kó lọ sílé àbúrò rẹ̀.

"Ìyàwó, wá bá mi níbẹ̀."

"Ọkọ mi ni, Ìyá."

Ó wò mí.

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

Òtútù ti dé báyìí. Àwọn àlejò ti lọ, etíkun dá páropáro. Lánàá, nígbà oúnjẹ ọ̀sán, mo wá Stratis nínú ilé, n kò rí i. Etíkun ni mo ti bá a. Òjò ń ṣẹ́ wẹliwẹli. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀ níhòòhò nínú yanrìn, èéfín ń rú lára rẹ̀. Ó la ojú, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó fọwọ́ gbá ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

"Wá. Mo ti bá ẹ mú un gbóná."

Kòtò kejì wà níbẹ̀. Ó kéré sí tirẹ̀. Ojú èjìká ọ̀tún inú kòtò náà rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí èjìká tèmi. N kò dùbúlẹ̀ síbẹ̀ rí láyé mi. Ọ̀rá ti ń sun jáde nídìí rẹ̀.

Mo ní mo gbé ìkòkò sórí iná, pé mo ní láti padà sílé.

"Kò burú," Stratis wí. Ó pa ojú dé. "Kò kánjú."

N kò béèrè ẹni tí kò kánjú.