Ara Mùíbì Tí Àlááji Ń Jowú

Lọ́dún tí ọ̀ràn ilẹ̀ Bakassi le láàárín Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, tí ọjà kò wọlé láti Nàìjíríà bó ṣe yẹ mọ́, Àlááji Ṣàmsídéènì jókòó síwájú ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ ní Marché Congo, ọjà ńlá kan ní Douala, ní Kamẹrúùnù. Kò rí oníbàárà wò, ó ń wo Mùíbì. Mùíbì, tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, gbé ìdì àǹkárá lé èjìká, ó sì gun àkàbà fìrì.

"Ẹgbẹ́ mi nìyẹn o," Àlááji sọ fún Kàbírátù ìyàwó rẹ̀. "Àwa méjèèjì ti pé ọgọ́ta. Orúnkún tèmi ń ké bí ilẹ̀kùn, tirẹ̀ ò dún. Kí ló ń lò tó fi pa mọ́ fún mi?"

"Bàbá Kàdíját, ẹ fi ọmọlọ́mọ sílẹ̀. Ṣé ẹ ti lo oògùn ọkàn yín?"

Àlááji ò gbọ́. Ó ti rí Mùíbì tó ju hóró oògùn kan sẹ́nu.

"Mùíbì! Kí lò ń gbé mì yẹn?"

"Vitamine lásán ni, Ṣàmsí. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó ní kò tó lára mi."

"Vitamine lásán! Ahun!"

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kiri oògùn dé ìsọ̀. "Papa, c'est naturel! Ewé àti aáyù ni. Ó ń jẹ́ kẹ́jẹ̀ ṣàn, ó ń sọ àgbà di ọ̀dọ́." Bí Àlááji ṣe gbọ́ "naturel" ni pé Ọlọ́run ló ṣe é, kò lè pani. Mùíbì ń lo ẹyọ kan. Àlááji ra tirẹ̀ lọ́wọ́ akirità náà, ó ń lo mẹ́ta lójúmọ́ mọ́ oògùn ọkàn rẹ̀, kó lè tètè bá a.

Kò pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ fi ń yọ ní èrìgì rẹ̀. Ó gbé e mì, kò sọ fún ẹnì kankan. Lọ́jọ́ Jímọ̀, bó ṣe fa omi àlùwàlá símú, ẹ̀jẹ̀ tú, kò dá. Òòyì kọ́ ọ, ó fi orúnkún lu sìmẹ́ǹtì. Takisí ni wọ́n fi gbé e dé ọsibítù.

"Oògùn ọkàn yín kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì," Dókítà Christine ṣàlàyé. "Èyí tẹ́ ẹ rà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ pa wọ́n pọ̀, ẹ̀jẹ̀ ò wá mọ̀ ọ́n dá mọ́. Ó ti kún inú orúnkún yín."

"Dókítà, naturel mà ni!"

"Papa, oró ejò náà, naturel ni."

Nígbà tí Mùíbì wá kí i, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Àlááji wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíì wà níbẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n ta ni?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Mi ò tíì pé àádọ́ta. Nígbà tí mo dé Douala, gbogbo ará ilé wa tí mo bá níbẹ̀ ló ń rán mi níṣẹ́ bí ọmọdé. Mo bá fi ọdún kún ọjọ́ orí mi, kí wọ́n lè kà mí mọ́ àgbà."

Àlááji kọjú sí ìyàwó rẹ̀. "Kàbírátù, ṣé o gbọ́? Ọmọdé yìí ló ń pè mí ní Ṣàmsí lójú àwọn ọmọ mi!"

Ó yè é, ṣùgbọ́n orúnkún yẹn ò ká mọ́. Orí àga ló ti ń kírun dòní.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ara yín wò kẹ́ ẹ tó ra oògùn tí wọ́n ní ó ń dá ọjọ́ ogbó dúró. Gbogbo oògùn tẹ́ ẹ bá ń lò, tòyìnbó tàbí tewé, ẹ fi wọ́n han dókítà tàbí apòògùn, ẹ má fi hóró kan pa mọ́. Ẹ má lò ju iye tí wọ́n sọ lọ, ẹ má rà lọ́wọ́ akirità. Oúnjẹ gidi àti ẹsẹ̀ rírìn kò ní ẹ̀tàn. Bí ara ẹgbẹ́ yín bá sì ń wọ̀ yín lójú, ẹ kọ́kọ́ bi í lọ́dún tí wọ́n bí i.