Káàdì Ohùn Kan fún Iṣẹ́ Méjì

Ọ̀sán Sátidé ni, òjò sì ti ṣú dùdù. Atúnaagoṣe kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ìbejì ń so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ rédíò tó fi ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kì í fẹnu sọ ọ́: kọ̀ǹpútà á sọ ọ̀rọ̀ tó bá tẹ̀ di ohùn, káàdì ohùn inú rẹ̀ á gbé e fún rédíò, rédíò á sì gbé e sáfẹ́fẹ́. Bàbá tó lè jókòó ti aago kan látàárọ̀ dalẹ́ yìí kì í ní sùúrù tó bá di ti rédíò.

Nọ́ọ̀sì àgbà tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ wọn ti pè é láàárọ̀.

"Ẹ wá káàdì ohùn kékeré tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, kó jẹ́ ti rédíò nìkan. Kí orin àti fídíò máa gba ti inú. Kí ẹ sì dín ohùn kù títí abẹ́rẹ́ ojú rédíò, tó ń fi hàn pé ohùn ti pọ̀ jù, ò fi ní mì."

"Mo ti gbọ́, Mà."

Etí ikún ló kọ sí i: káàdì inú kọ̀ǹpútà náà ló so mọ́ rédíò. Ó yí ohùn dópin, ó ní ariwo ló ń jẹ́ kó jìnnà. Ó tún tẹ bọ́tìnnì tó ń jẹ́ kí rédíò máa gbé ọ̀rọ̀ jáde fúnra rẹ̀ tó bá ti gbọ́ ohùn.

"Bàbá Ìbejì, àbúrò mi ń wakọ̀ lórí odò o," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Ẹgbẹ́ wa ń tẹ́tí sí àwọn awakọ̀ ojú omi. Fọkàn balẹ̀." Ló bá gba ṣọ́ọ̀bù lọ.

Aránṣọ ni ìyàwó. Ó ṣí fídíò tí wọ́n fi ń kọ́ni ní ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì lórí kọ̀ǹpútà ọkọ rẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́, ó kàn ń wo àwòrán. Iná pupa orí rédíò, tó ń tàn tí rédíò bá ń gbé ohùn sáfẹ́fẹ́, tàn fún ogójì ìṣẹ́jú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n rí òkú àbúrò rẹ̀ létí odò. Nọ́ọ̀sì wá kí wọn, ojú rẹ̀ le.

"Ó tẹ ọ̀rọ̀ sí wa lánàá láti orí rédíò ọkọ̀ rẹ̀. 'Omi ń wọ ọkọ̀,' la rí kà. Ibi tó wà ló kàn, àmọ́ ariwo kan bo gbogbo ìkànnì."

"Ariwo wo, Mà?" ni ìyàwó bi í.

"Ẹnì kan tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń rán ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì. A tọpa rẹ̀ dé ilé yìí."

Obìnrin náà yíjú kúrò lọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì. Ó wo ọkọ rẹ̀.

"Ṣé èmi ni mo bo àbúrò mi mọ́lẹ̀?"

"Èmi ni," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Wọ́n sọ fún mi."

Àwọn aláṣẹ gba ìwé àṣẹ tó fi ń lo rédíò. Ìyẹn kò dùn ún tó bí ìyàwó rẹ̀ kò ṣe bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń so kọ̀ǹpútà mọ́ rédíò, ẹ ya káàdì rédíò sọ́tọ̀. Ẹ dín ohùn kù, kí ẹ sì ní kí ẹnì kan bá yín gbọ́ ọ lókèèrè. Ẹ má fi rédíò tó ń dá sọ̀rọ̀ sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Bí ẹ kò bá tíì ṣe é, ẹ yọ wáyà tó so kọ̀ǹpútà mọ́ rédíò báyìí.