Ìka Mẹ́ta Lọ́rùn Ọwọ́ Peiyao

Ọjọ́ tí Muyang kọ́kọ́ fọwọ́ kan Peiyao, ìjà ló dà. Nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ìbílẹ̀ wa ní Chengdu, olùkọ́ ní ká gbọ́ bí iṣan ara wa ṣe ń lù, ní méjì-méjì. Muyang gbé ìka mẹ́ta lé ọrùn ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ó dijú bí àgbà oníṣègùn, ó wá kéde pé iṣan yìí ń yọ̀ bọ̀rọ́, àfàìmọ̀ kí Peiyao má lóyún. A rẹ́rìn-ín títí.

Peiyao fa ọwọ́ rẹ̀ gbà. "Ohun tó o bá bá lára èèyàn, ṣé gbangba ni wọ́n ti ń sọ ọ́? Irú ẹ ò ṣeé fi aláìsàn lé lọ́wọ́."

Ànàmọ́ sísun ni Muyang fi bẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ nìfẹ́ sì gbà wọlé. Kò pẹ́ tó fi ń pè é ní Yao mi. Wọ́n fi àdéhùn sí i pé tọ́dún tuntun bá dé, á mú un lọ rí ìyá òun lábúlé. Lọ́dọ̀ wa, ọkùnrin kì í fi ìyẹn ṣeré. Bàbá Muyang ti kú nígbà tó wà ní kékeré. Àrùn ọkàn ni wọ́n sọ fún un, ìdí nìyẹn tó fi yan iṣẹ́ yìí.

Olùkọ́ kan wá ní kí kálukú sọ ìtàn aláìsàn kan fún kíláàsì láìdárúkọ, ká lè mọ̀ pé èèyàn là ń tọ́jú, kì í ṣe inú rírun. Àwa bá sọ ọ́ di ìdíje ẹni tó máa pa èèyàn lẹ́kún.

Aláìsàn kan, Màmá Lu, wà nílé ìwòsàn tí Peiyao ti ń kọ́ṣẹ́, wọn ò rí oorun sùn. Peiyao di ọwọ́ wọn mú, ó rọra ń bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé kò ní jáde níbí?" Ó ní kò ní jáde.

Wọ́n bá sọ ọ́. Fuzi, gbòǹgbò olóró tá a máa ń fi ẹran àgùntàn sè lásìkò òtútù, tí kò bá jinná dáadáa, ó ń pani. Ìkánjú mú wọn, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ kó tó jinná. Ọkọ wọn jẹ ẹ́, ó kú. Ọmọ wọn kan ṣoṣo ò mọ̀.

Nígbà tó kan Peiyao ní kíláàsì, ó yọ orúkọ kúrò. Kò yọ nǹkan míì: ìkòkò búlúù, ìdérí tí wọ́n fi wáyà so, bí ọkọ ṣe ní ebi ń pa òun. A sunkún, a pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, ojú ń tì mí di òní. Muyang ò pàtẹ́wọ́.

Obìnrin wa kì í jẹ́ orúkọ ọkọ. Qiu ni orúkọ ìdílé Muyang, Lu ni ti ìyá rẹ̀, Peiyao ò sì mọ̀ pé ìyá Muyang ni aláìsàn òun.

Níta, Muyang béèrè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "Wáyà yẹn, ṣé bàbà ni?"

Ìgbà yẹn ni Peiyao mọ̀ pé ìkòkò ilé wọn ni.

Muyang gba ilé lọ, kò padà. Oúnjẹ kọ̀ lẹ́nu Peiyao. Ọkàn rẹ̀ ń dá a lẹ́bi tọ̀sán-tòru, nítorí ó ṣèlérí, ó sì tú àṣírí náà nítorí ìyìn. Ó bá lọ kúnlẹ̀ fún Màmá Lu lábúlé.

Màmá Lu gbé e dìde. "Ojú ọ̀nà la máa ń da pàǹtí àgbo sí, kẹ́sẹ̀ àwọn tó ń kọjá kó àìsàn lọ. O da tèmi síbẹ̀, ọmọ mi ló tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti bá mi sunkún, mo ti ń sùn." Wọ́n ní kí Muyang fẹ́ ẹ.

Muyang sìn ín dé ibi ọkọ̀. Ó ní, "Mo fẹ́ràn ẹ, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n tí nǹkan bá ń dùn mí, ta lo máa lọ sọ ọ́ fún?"

Peiyao kàn na ọwọ́ sí i. Muyang gbé ìka mẹ́ta lé e, ó dijú títí dírẹ́bà fi ń fọn fèrè ọkọ̀.

"Kí lo gbọ́?"

"Ọ̀rọ̀ aláìsàn ni," Muyang ní. "A kì í sọ ọ́ síta."

Ó fi ọwọ́ náà sílẹ̀, Peiyao sì wọ ọkọ̀.