Fèrèsé Tí Káfíńtà Kàn Pa

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n bá bàbá tó bí káfíńtà lórí ibùsùn, tí ara rẹ̀ ti tutù. Kò ṣàìsàn gidi kan. Ikọ́ ló ń wú, gbogbo ilé sì ti gbà pé ikọ́ àgbà lásán ni. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú, ìyàwó káfíńtà ti rí ẹyẹ dúdú kan tó bà sí fèrèsé balùwẹ̀, balùwẹ̀ tó fara kan yàrá bàbá. Ó sọ ọ́ fún aránṣọ tó ń gbé ní òdìkejì. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ fún aránṣọ yẹn ti sọ ọ́ fún gbogbo àdúgbò.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú tí ọmọdébìnrin káfíńtà, tó ń bá ìyá bàbá rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá, sùn ní yàrá yẹn, bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ikọ́ bàbá gẹ́lẹ́ ni.

"Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani," ni aránṣọ wí, bó ṣe ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. "Ọkọ ti lọ. Ọmọ ló kù tí wọ́n jọ ń sùn. Èmi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o."

Ọkàn ìyàwó káfíńtà kò balẹ̀ mọ́. Ó ní kí ọkọ òun kan fèrèsé balùwẹ̀ pa kí ẹyẹ má bàa ráyè wọlé. Ọkọ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọmọ wúkọ́ títí ó fi bì, ló bá mú pákó àti ìṣó. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Atẹ́gùn pàápàá ò rọ́nà gbà.

Màmá wẹ̀ jáde lọ́jọ́ kejì. "Ẹ bá mi ṣí fèrèsé yẹn. Inú ibẹ̀ ń rùn."

"Ta lẹ fẹ́ kó gba ibẹ̀ wọlé, Màmá?" ni ìyàwó bi í.

"Atẹ́gùn ni."

Ojoojúmọ́ ni màmá ń bẹ̀bẹ̀ nítorí fèrèsé, bó sì ṣe ń bẹ̀bẹ̀ sí i ni ẹ̀rù ń ba ìyàwó sí i.

Ní ìdájí ọjọ́ kan, ìyàwó gbọ́ tí nǹkan ń ha ògiri. Ó yọjú sí balùwẹ̀. Màmá ló wà lórí ìkúnlẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ọ̀bẹ lọ́wọ́, ọwọ́ dúdú dé ọrùn ọwọ́, ẹnu rẹ̀ ń ṣe wúyẹ́wúyẹ́. Ìyàwó sáré lọ jí ọkọ. "Ẹ mú ọ̀kan: èmi àti ọmọ mi, tàbí ìyá yín."

"Dúdú ara ògiri ni mò ń ha," ni màmá sọ fún ọmọ rẹ̀. "Tí mo bá ha á lónìí, á padà lọ́la."

"Kí lẹ wá ń sọ lẹ́nu?"

"Mò ń bẹ Ọlọ́run kó má padà mọ́ ni."

Káfíńtà ò lè wojú ìyá rẹ̀. Ojú tì í, síbẹ̀ ó mú màmá tòun ti ẹrù lọ sílé àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Àjẹ́ lọ, ikọ́ ò lọ. Kàkà kó sàn, àyà ọmọ ń súfèé. Aránṣọ ní màmá ti fi nǹkan pamọ́ sí yàrá. Ìyàwó bá wọlé lọ wá a. Ó wá abẹ́ ibùsùn, ó fa àpótí aṣọ ńlá kúrò lára ògiri.

Ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ti bu bí àjẹkù búrẹ́dì, ó dúdú, ó tutù. Ó fọwọ́ kàn án, sìmẹ́ńtì wó sí i lọ́wọ́. Ọkọ rẹ̀ fi òòlù fọ́ ọ síwájú: páìpù balùwẹ̀ ló ń jò nínú ògiri. Omi ń mu wọlé láti ẹ̀yìn, ooru omi ìwẹ̀ ń ti iwájú wá, wọ́n sì ti kan ọ̀nà àbájáde pa.

Bóyá ìyẹn ló pa bàbá, ẹnikẹ́ni ò lè búra. Káfíńtà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún. Ìyàwó ò dúró dè é. Ó gbé ọmọ lọ sí pálọ̀, ó gba òòlù, ó sì ń fa ìṣó yọ títí ìmọ́lẹ̀ fi wọlé. Ẹyẹ dúdú náà fò dìde lẹ́bàá fèrèsé. Ìtẹ́ ló kọ́ síbẹ̀.

Ìyàwó ò wẹ̀ kó tó lọ sọ́dọ̀ màmá. Ó kúnlẹ̀.

"Ọmọ ńkọ́?" ni màmá bi í.

"Ó wà ní pálọ̀, ó ń mí."

"Ṣé ẹ ti ṣí fèrèsé?"

"A ti ṣí i, Màmá."

Màmá di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó wò wọ́n pẹ́. "Dìde, ìyàwó mi," ó ní. "Wá fọ ọwọ́ rẹ. Tìrẹ náà ti dúdú."