Obì Tí Kò Gbọdọ̀ Kanlẹ̀

Orí igi ọsàn ni Mẹ̀dínátù wà lọ́jọ́ tí Kòkúmọ́ kọ́kọ́ rí i. Obìnrin, lórí igi! Ó wọ ṣòkòtò bàbá rẹ̀, ó fi gèlè so irun rẹ̀ pọ̀, ó fi ẹsẹ̀ kan ti ẹ̀ka, ó sì ń já ọsàn jù sílẹ̀ bí ẹni pé ilé bàbá rẹ̀ ni òkè yẹn. Ilé bàbá rẹ̀ náà kúkú ni. Alhaji Bàrúwà ló ni oko, kò sì bí ọmọ mìíràn.

Ní Ìwòyè-Kétu, ẹni tó bá fẹ́ kí ọsàn rẹ̀ dé ọ̀nà jíjìn kì í jẹ́ kó kanlẹ̀. Ẹnì kan á wà lókè, ẹnì kan á wà nísàlẹ̀ tí yóò máa hán an. Èyí tó bá kanlẹ̀, ojú lè má rí nǹkan kan lára rẹ̀, àmọ́ inú rẹ̀ ti ń rà. Kó tó dé Kùtọnu, á ti ba gbogbo àpò jẹ́. Kòkúmọ́, ọmọ Ìjoun, ni wọ́n gbà láti hán ọsàn lọ́jọ́ náà.

Mẹ̀dínátù rí i pé òun ló ń wò, kì í ṣe ọsàn.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ojú mi ni ọsàn so sí ni?"

"Bó bá so síbẹ̀, mo ṣe tán tí màá ká a."

"Ẹnu yín dùn. Ẹ hán èyí!" Ó sọ ọ̀kan gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ pátápátá. Kòkúmọ́ kò tíì yíjú tán tó fi na ọwọ́ kan sẹ́yìn, ọsàn náà sì jókòó síbẹ̀ wẹ́rẹ́. Ọkàn Mẹ̀dínátù fà sí i, ká má purọ́.

Bàbá àgbà kan tó ń bó ọsàn lábẹ́ igi bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Ṣàíbù ni, ẹ̀gbọ́n ìyá Mẹ̀dínátù, tó ń gbé ní Kétu lápá Faransé. Òun ló tọ́ Mẹ̀dínátù láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú mọ́ ọn lórí ìkúnlẹ̀ títí ó fi tó ọmọ ilé-ìwé. Nígbà yẹn, okùn lásán ni ẹnubodè. Bàbá á gun kẹ̀kẹ́ dé ibẹ̀, á fi "bọ́n ṣúù" Faransé kí àwọn aṣọ́bodè, á sì kọjá.

"Àpèkẹ́," oríkì rẹ̀ ló máa ń fi pè é, "èyí kò ní jẹ́ kí o kanlẹ̀."

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ìfẹ́ wọn gbóná. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan wá sí Ìlaròó, tó ń wá ọ̀dọ́ tó ga, tó lè sáré, tọ́wọ́ rẹ̀ kì í tàsé. Ó rí Kòkúmọ́, ó mú un lọ sí Amẹ́ríkà. Kòkúmọ́ kàwé níbẹ̀, ó gbá bọ́ọ̀lù wọn tí wọ́n ń fọwọ́ hán, ẹgbẹ́ ńlá kan sì gbà á síṣẹ́. Ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ láàárín àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun nìyẹn, wọ́n sì ti ń sọ pé ọmọ náà yóò dé ibi gíga.

Àmọ́ ẹ gbọ́ bí Alhaji Bàrúwà ṣe ń ròyìn rẹ̀ ní mọ́sáláṣí: "Wọ́n á ju bọ́ọ̀lù tó rí bí ìbẹ́pẹ. Á sáré lọ bá a, á hán an, géńdé mẹ́ta á sì wó lù ú. Wọ́n ní iṣẹ́ nìyẹn!"

Mẹ̀dínátù náà kì í jẹ́ kí Kòkúmọ́ sinmi lórí fóònù.

"Ṣé wọ́n ti wó lù ẹ́ lónìí?"

"Wọ́n wó lù mí, Mẹ̀dí mi. Àmọ́ mi ò jẹ́ kó kanlẹ̀."

Oṣù kẹjọ ọdún náà ni ìjọba ti ẹnubodè pa. Ọsàn pọ́n sórí igi, kò sí ọkọ̀ tí yóò gbé e kọjá. Gbogbo oko ń rùn. Àwọn tó gba inú igbó, ìbọn lé wọn padà. Ọlọ́kadà kan ní Ìwòyè kò tilẹ̀ padà. Bàbá Ṣàíbù dùbúlẹ̀ àìsàn ní Kétu, ibi tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé, Mẹ̀dínátù kò sì lè gbé omi fún un mu. Ó máa ń sunkún sínú ìkòkò ọbẹ̀.

Inú ọyẹ́ ni Kòkúmọ́ wálé. Àkókò ìsinmi rẹ̀ kéré, ó sì fẹ́ fẹ́ ìyàwó kó tó padà. Alhaji Bàrúwà gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ tán, ó mi orí.

"Mi ò kọ̀ ẹ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n nílé ìyá Mẹ̀dínátù, láti ọwọ́ ẹbí ìyá ni obì ìgbéyàwó ti ń bọ́ sọ́wọ́ ọkọ. Kò gbọdọ̀ kanlẹ̀. Tèmi kanlẹ̀, mo fi ṣe ẹ̀rín. Ṣé ìwọ rí ìyàwó mi nínú ilé yìí?"

"Ẹ jẹ́ ká dúró kí bodè ṣí, sà."

"Ta ló mọ ìgbà tí yóò ṣí?" ni Mẹ̀dínátù wí. "Bàbá Kétu ò lè dúró. Ẹ jẹ́ kó ju obì náà kọjá okùn." Ó nu ojú rẹ̀. "Ẹni tó ń hán bọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà, ṣé obì ni kò ní lè hán?"

Wọ́n bẹ àwọn aṣọ́bodè. Ọ̀gá wọn ní kí wọ́n wá ní ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọjá okùn, ìbọn ló máa bá a sọ̀rọ̀.

Wọ́n fi ọ̀kadà gbé Bàbá Ṣàíbù wá sídìí okùn tàwọn Faransé. Láàárín okùn náà àti okùn tí Mẹ̀dínátù àti Kòkúmọ́ dúró tì, ọ̀nà olókùúta ni, kò sẹ́ni tó ni ín. Mẹ̀dínátù wo bí bàbá náà ṣe rù, ó di ẹnu mú.

"Àpèkẹ́! Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Bàbá."

Irọ́ ni. Kò jẹ nǹkan kan láti àárọ̀.

Wọ́n dì í mú kó lè dìde. Ó gbé obì náà sókè, ó ṣàdúrà, ó jù ú. Apá aláìsàn! Kò lágbára. Obì náà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ nídìí okùn ti Ìwòyè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá tí wọ́n rọ sìmẹ́ńtì sí. Kòkúmọ́ ti sáré dé ibẹ̀. Ohun tó kù ni kó sọ ara rẹ̀ sórí òkúta. Ó rí àgbá náà, ó rántí èjìká rẹ̀ tó ti fi ṣèṣe rí, ó rántí gbogbo ohun tí àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un. Ìṣẹ́jú kan kọ́, ìṣẹ́jú àáyá. Ọwọ́ rẹ̀ sì fà sẹ́yìn.

Mẹ̀dínátù kò rántí nǹkan kan. Ó sọ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbàmù, apá rẹ̀ gba abẹ́ okùn kọjá, ìgúnpá rẹ̀ lu àgbá. Àwọn aṣọ́bodè kígbe. Ó la àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, obì náà wà níbẹ̀.

"Kò kanlẹ̀!" Bàbá Ṣàíbù ń pariwo lọ́hùn-ún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. "Ọmọ àbúrò mi hán an!"

Alhaji Bàrúwà náà wà níbẹ̀. Ó ń wo Kòkúmọ́, ó ti rí ohun tó rí. Kòkúmọ́ kò lè gbójú sókè. Ká ní ilẹ̀ lanu, ì bá kó sínú rẹ̀.

Mẹ̀dínátù dìde. Ó fi obì náà sọ́wọ́ Kòkúmọ́, ó pa àwọn ìka rẹ̀ dé lé e lórí.

"Èmi náà, ẹbí ìyá mi ni mí," ó wí fún bàbá rẹ̀. "Ó ti bọ́ láti ọwọ́ ẹbí ìyá sọ́wọ́ ọkọ."

Alhaji mí kanlẹ̀. "Ó ti bọ́ sí i lọ́wọ́," ó wí.

Mẹ̀dínátù kò lè dì mọ́ bàbá tó tọ́ ọ. Ó dúró ti okùn títí ọ̀kadà fi gbé e lọ, tí kò rí fìlà rẹ̀ mọ́. Wọn ò tún fojú kanra mọ́.

Wọ́n so yìgì láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ọkọ sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìgúnpá Mẹ̀dínátù jinná, ṣùgbọ́n apá náà kò nà tán mọ́. Ẹnubodè ṣì wà ní títì nígbà tí wọ́n sin Bàbá Ṣàíbù. Orí fóònù ni Mẹ̀dínátù ti gbọ́ àdúrà òkú, nẹ́tíwọ̀kì sì já lágbedeméjì.

Kòkúmọ́ pè é. "Mẹ̀dí, mo fà sẹ́yìn lọ́jọ́ yẹn."

"Mo rí ẹ."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Mo ti hán an. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?"

Nígbà tí bodè ṣí, Kòkúmọ́ wálé. Wọ́n jọ lọ sí Kétu, wọ́n jókòó ti sàréè títí oòrùn fi rọ̀. Nígbà tí wọ́n padà, ọsàn ti pọ́n, ọkọ̀ Kùtọnu ń dúró, Mẹ̀dínátù kò sì lè gun igi mọ́. Kòkúmọ́ bọ́ bàtà, ó gun òkè lọ. Ó ń já ọsàn, ó ń jù wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, omi ojú kò jẹ́ kó ríran dáadáa. Nígbà tó yá, ó dì mọ́ ẹ̀ka, kò lè jù mọ́.

Mẹ̀dínátù na apá rẹ̀ tó dára sókè dè é.

"Jù ú, olówó orí mi," ó wí. "Mo wà nísàlẹ̀."